Àbọ̀ ọ̀rọ̀ eegun rírọ̀ imú màlúù: ó ti yanjú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo bèèrè níjọ́sí ìdí tí proteoglycan (purotéènì tó ní ẹ̀wọ̀n ṣúgà lára) kò fi jáde nínú eegun rírọ̀ imú màlúù tí mo fi omi iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ. Ó ti jáde wàyí, ẹ jẹ́ kí n pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Ẹ̀bi mi ni. Aggrecan, olórí proteoglycan inú eegun rírọ̀, rọ̀ mọ́ hyaluronan, ẹ̀wọ̀n ṣúgà gígùn kan, típẹ́típẹ́; iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè tú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Mo bọ́ sí guanidine hydrochloride, iyọ̀ kẹ́míkà tó lè tú u. Mo ṣebí bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe fà tó, ni mo bá po ti 6 M (M ni ìwọ̀n bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi). Èyí tó jáde kò tó ti 4 M rárá! Bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Sajdera àti Hascall ti sọ ọ́ láti 1969 pé 4 M ló dáa jù, àti pé calcium chloride ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní nǹkan bí 2 M, magnesium chloride ní 3 M.

Ọ̀bẹ náà tún dá kún un. Ní àkọ́kọ́ mo gé e gbàǹgbà gbàǹgbà bí ẹran ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé mò ń rí àwọ̀ ìka mi lódìkejì. Mo rẹ ẹ́ fún wákàtí 48 nínú yàrá tútù, pẹ̀lú EDTA àti PMSF kí ẹ́ńsáìmù má baà gé e jẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún DMMB, aró tí a fi ń wọn proteoglycan: guanidine máa ń da àwọ̀ rẹ̀ rú. Ẹ bu omi là á dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó ní kí n dín iyọ̀ guanidine kù, mo jẹ yín ní súyà.