Olùdìbò kọ́, afọbajẹ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àkókò yìí o.

Arákùnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtàn Yúróòpù fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì béèrè ohun tí òun lè pe àwọn ìjòyè méje tó máa ń yan ọba àgbà fún ilẹ̀ Jámánì láyé àtijọ́, àwọn tí èdè Jámánì ń pè ní Kurfürst. Àwọn kan ti dá a lóhùn pé "olùdìbò" ló bá a mu. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Ta ni olùdìbò lẹ́nu wa lónìí? Ẹni tó mú káàdì ìdìbò dání, tó tò sórí ìlà nínú oòrùn, tó tẹ̀ka, tó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Àwọn tí à ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí Charles Kẹrin, ọba àgbà ìgbà náà, ṣe ní 1356, èyí tí wọ́n fi èdìdì wúrà dè, dárúkọ oyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, ti Cologne àti ti Trier, ọba Bohemia, olórí Palatinate létí odò Rhine, ti Saxony àti ti Brandenburg. Ìlú Frankfurt ni wọ́n ti ń pàdé, wọn ò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìyan ẹnì kan. Bí ọjọ́ 30 bá pé tí wọn ò tíì fẹnu kò, búrẹ́dì àti omi lásán ni wọn yóò máa jẹ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Ẹnì kan nínú yín ní afọbajẹ kò lè ṣe é, pé afọbajẹ tiwa kì í fi ara rẹ̀ jọba, inú ìdílé ọba ni wọ́n ti ń mú ẹni tí wọn yóò fi jẹ. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, torí pé àwọn ti Jámánì yìí lè fi ẹnì kan nínú ara wọn jọba. Ní 1400, mẹ́rin nínú àwọn méje yìí rọ Wenceslaus, ọmọ Charles Kẹrin gan-an, lóyè. Wọ́n ní kò wúlò fún ìlú. Rupert, olórí Palatinate, wà lára àwọn mẹ́rin náà, òun kan náà ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀! Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: a-fi-ọba-jẹ. Kò sọ ibi tí ọba ti ń wá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló sọ. Ti ìdílé ọba, àṣà wa ni. Ní ti rírọ ọba lóyè, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì náà, tí Baṣọ̀run ń ṣe olórí wọn, méje ni wọ́n, wọ́n sì lè kọ Aláàfin láyé àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Maximilian, ọba àgbà ìgbà náà, kú ní 1519, Charles ọba Sípéènì, ọmọ ọdún 19, ẹni tó wá di Charles Karùn-ún, àti Francis ọba Faransé jọ du adé yẹn. Owó tí Charles ná lé ní 850,000 florin, ìyẹn owó wúrà ayé ìgbà náà, èyí tó sì lé ní 540,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó tó yá lọ́wọ́ Jakob Fugger, oníṣòwò Augsburg. Àwọn méjèèje ló yan Charles. Nígbà tí gbèsè ń falẹ̀, Fugger kọ̀wé sí i ní 1523, ó rán an létí pé láìsí òun, kò ní dé adé náà. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń du oyè nílé wa yóò mọ irú èèyàn tí wọ́n ń gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lọ bá.

Ti ọba àgbà náà ńkọ́? Mo ti rí "ọbalúayé" lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ òrìṣà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù pe Charles Karùn-ún. Kaiser tí àwọn ará Jámánì ń sọ, Késárì inú Bíbélì wa náà ni, ó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Kí ẹ sì fi "ọba" sílẹ̀ fún oyè "ọba àwọn ará Róòmù" tí ẹni tí wọ́n yàn ń jẹ kí póòpù tó dé e ládé. Charles yìí ni póòpù dé ládé kẹ́yìn, ní Bologna ní 1530. Bí a bá pe méjèèjì ní ọba, ọmọ iléèwé kò ní mọ ohun tí ẹni tí wọ́n yàn ń bọ̀ wá gbà lọ́wọ́ póòpù.

Nígbà tó yá, wọ́n fi kún àwọn méje náà, Hanover sì wà lára àwọn tó wọlé. Ẹ ka gbólóhùn méjì yìí sókè: "George, olùdìbò Hanover, di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1714." "George, ìjòyè afọbajẹ Hanover, di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1714." Èyí èkejì ni mo fọwọ́ sí. Mo fi "ìjòyè" kún un torí pé oníkálùkù wọn ló ní ilẹ̀ tó ń ṣàkóso. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó gbé e wá.