Báwo ni mo ṣe lè ṣan iyọ̀ kúrò lára Dunaliella láìba purotéènì rẹ̀ jẹ́?

Ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ ohun abẹ̀mí, mo kí yín láti Kabba, òkun o. Mo ń tọ́jú Dunaliella salina, ewé omi tíntìntín tí kò ní èèpo líle, nínú omi iyọ̀, kí n lè mọ àwọn purotéènì tó ń pọ̀ sí i bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀, pàápàá àwọn tó ń ṣe glycerol tí kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ fà jáde. Ẹ̀dá kékeré yìí yà mí lẹ́nu gidigidi. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tó ṣẹ́kù ń da ìlà purotéènì rú lórí jẹ́ẹ̀lì, ohun rírọ̀ tí a fi ń to purotéènì sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi sí, bí mo bá sì fi omi lásán ṣan Dunaliella náà, ńṣe ló ń bẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé omi ṣúgà tí ó bá ìwọ̀n iyọ̀ náà dọ́gba ni kí n lò, àbí kí n fi acetone tútù, kẹ́míkà olómi tó ń mú purotéènì dì, ya purotéènì sọ́tọ̀?