Cloud àti àwa: ẹ sọ ìrírí yín, ibo ni fáìlì yín wà gan-an?

Ayàwòrán, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Ajílòsun. Ẹni tó bá ń ya òde ìgbéyàwó mọ̀ pé yíyà kọ́ ló le, títọ́jú ni. Oníbàárà lè dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé bàbá àwọn ti lọ, pé àwòrán ibi tí bàbá ti ń súre fún ọmọ làwọn ń wá. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí mọ́?

Lọ́dún tó kọjá, iná tí wọ́n mú dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lágbára jù. Òórùn rọ́bà tó ń jóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí èéfín lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Òun àti hard disk tó so mọ́ ọn ló jọ bá a lọ. Òde kan tí a ṣe ní Ìyìn-Èkìtì wà nínú rẹ̀, a ò sì tíì tẹ álíbọ́ọ̀mù wọn. Ohun tó kó mi yọ ni pé mo ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí Google Drive, ibi ìpamọ́ fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lóru ọjọ́ tí a ti òde dé, torí òru ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já geere ládùúgbò wa. Mo yá láptọ́ọ̀pù àbúrò mi, mo tẹ password, ìyàwó sì ń yọ lẹ́yọ lẹ́yọ tòun ti gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí àwòrán yẹn wà, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀. Cloud, ìyẹn ìkùukùu, ni wọ́n ń pè é, àmọ́ orí ilẹ̀ ló wà, ẹ̀yin ará! Ilé ńlá kan ni, tí wọ́n to ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà tí kò ní ojú sínú férémù irin láti ilẹ̀ dé òkè. Fáànù ń fẹ́ sí wọn, ẹ̀rọ amúlétutù ń bá wọn fa ooru, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ ńlá sì wà ní sẹpẹ́ bí iná bá lọ. Bí mo bá gbé àwòrán sókè, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n á pín in sórí disk ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Disk ń kú níbẹ̀ náà bí tèmi ṣe kú. Kìkì pé ẹ̀dà mìíràn ti wà nílẹ̀ kí èyí tó kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ti ọ̀fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ààyè ìpamọ́ 15 GB tí Google ń fúnni, Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń pín in. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí Drive, 30 ọjọ́ péré ló máa lò nínú trash, ìyẹn àpótí ìdọ̀tí rẹ̀, kó tó lọ pátápátá. Èyí tó ká mi lára jù ni pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn fún ọdún 2, Google lè pa á rẹ́. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá ti kú, tí fọ́tò wọn ṣì wà lórí Gmail wọn, ẹ tètè lọ kó o.

Akọ̀wé àjọ, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ayàwòrán. Orí Google Sheets, ìwé ìṣírò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ìwé àjọ wa wà. Bí akápò bá ti gba owó lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́pà lọ́jà, tó sì tẹ̀ ẹ́ sí i, èmi náà ti rí i nílé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé àjọ kọ̀, kò ṣí, áàpù báńkì ò dáhùn. Fáìlì wa ò sọnù o, ọ̀nà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dí. Mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀ kó lè máa ṣí lórí fóònù mi láìsí dátà, orí rẹ̀ ni mo ti ka iye tí oníkálukú dá. Kò sẹ́ni tó bá ẹnìkan jà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiyín, pàápàá bó bá jẹ́ owó ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìpamọ́. Èmi, kọ̀ǹpútà gan-an ni mò ń yá. Ní 2006 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ irú òwò yìí: wọ́n gbé S3 jáde fún ìpamọ́ ní oṣù Kẹta, EC2 fún kọ̀ǹpútà yíyá sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ. Sọ́fítíwia kan ló máa ń pín server kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé ńlá yẹn, sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, tí oníkálukú á ní password tirẹ̀, tí ẹnìkan ò ní rí ti ẹnì kejì. Bí a ṣe ń yá àga àti kánópì fún ìnáwó ni: èrò pọ̀, ẹ fi kún un, èrò túká, ẹ dá a padà, iye tí ẹ lò lẹ ó san.

Mo kọ ìkànnì kan tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ tó máa kásẹ̀ nílẹ̀, èrò ya bò ó. Mo fi kọ̀ǹpútà kan kún un láti orí bẹ́ẹ̀dì mi, nígbà tó di alẹ́ mo yọ ọ́ kúrò. Cape Town ni àwọn server ọ̀hún wà, Amazon ṣí ibùdó server síbẹ̀ ní 2020.

Owó rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,400 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Server ò yí padà, iye tó ń jáde lápò mi ti di ìlọ́po mẹ́ta. Bí mi ò bá ti ṣiṣẹ́, mo máa ń pa á ni. Ẹni tó bá ti lo ilé iṣẹ́ tó ń gba náírà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún yín.