Ẹ̀yin tó ń gbé Ìdànrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kó kúrò ní Èkó lọ sí Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti sú wa pátápátá. Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ kòkó pọ̀ níbẹ̀, Àkúrẹ́ náà ò sì jìnnà. Iṣẹ́ mi ló ń kọ mí lóminú, torí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣe é. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọlé dáadáa láàárín àwọn òkè yẹn? Iná ńkọ́? Ìyàwó mi lóyún. Bí aláboyún bá ń rọbí lóru, ṣé Àkúrẹ́ lẹ máa ń gbé e lọ? Ẹ dákun, ṣé àlejò máa ń tètè rí ẹni bá rìn níbẹ̀?