Ìmọ́lẹ̀ kì í dọ̀tí: èsì mi lórí “ìdọ̀tí ìmọ́lẹ̀”

Ẹ̀yin ará ilé yìí, àgbà àti èwe, mo kí yín.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láìtún dá sí i. Ṣùgbọ́n lánàá, ẹni kẹta tún lo “ìdọ̀tí ìmọ́lẹ̀” bí ẹni pé gbogbo wa ti fẹnu kò lé e lórí. Ara mi kò gbà á mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àbúrò wa kan tó ń gbé ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, fẹ́ kó lọ sí Flagstaff, ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ó ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn láti ṣàlàyé ìdí tó fi fẹ́ kó. Orúkọ méjì ló bèèrè lọ́wọ́ wa. Èkíní, kí ni ká pe bí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe máa ń rí lọ́dọọdún? Èkejì, kí ni ká pe ti iná alẹ́ tó pọ̀ dé ibi pé ojú ọ̀run á máa ràn yòò, tí ìràwọ̀ kò sì ní hàn mọ́? Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston ló fún un ní “ìdọ̀tí ìmọ́lẹ̀”. Wọ́n ní bí a ṣe ń sọ ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ náà ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ ilẹ̀. Mọ́ yìí ló wà nínú ilẹ̀ mọ́, òun ló wà nínú aṣọ mọ́, òun náà ló bí ìmọ́tótó. Ohun tó sọ ilẹ̀ di mímọ́ fún ojú ni ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé ìdọ̀tí ka iwájú mọ́, ẹ ti fi ọwọ́ ọ̀tún mọ ògiri tí ẹ ń fi ọwọ́ òsì wó. Ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ kò ní wàhálà yìí rárá, nítorí kò sí mọ́ nínú afẹ́fẹ́. (Ẹni tó ní ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó, mo ti rí àlàyé yín. N kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò jẹ mọ́ ti òní.)

Ẹ tún ro ti ìyá tó máa ka lẹ́tà náà. Obìnrin Ìsẹ́yìn ni, ó ti lo àtùpà oníkẹrosíìnì rí, ó mọ bí èéfín ṣe ń dúdú mọ́ gíláàsì tí a ń fi àkísà nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọmọ rẹ̀ bá kọ̀wé pé òun ń kó kúrò nílùú nítorí ìdọ̀tí ìmọ́lẹ̀, gíláàsì àtùpà ló máa wá sí i lọ́kàn. Á sì máa ṣàánú ọmọ rẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe é. Orúkọ tó ń darí ọkàn ìyá ẹni síbi tí kò sí nǹkan kan, orúkọ kọ́ nìyẹn.

Àṣìṣe kejì tún wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀. Òṣùpá ń fún wa ní ìmọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn rí. Iná ló ṣẹ̀, iná tí ọmọ ènìyàn gbé kọ́ sórí òpó, tó kọ ojú sókè, tí wọn kò sì pa títí ilẹ̀ fi mọ́. Àbùkù ibẹ̀ ni àpọ̀jù. Èdè wa sì ti ní ọ̀nà tó fi ń sọ̀rọ̀ àpọ̀jù tipẹ́: àṣejù, àjẹjù, àpọ̀jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá a lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ká pè é ní àtànjù, tàbí ní kíkún, àtànjù iná.

Ibí yìí ni Alàgbà wa ará Ìlọrin ti dìde sí mi. Wọ́n ní àtanjù ló tọ́, pé kí ohùn àárín wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, nítorí pé “tan iná” ni gbogbo ayé ń wí, òṣùpá nìkan ló ń tàn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀, bí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn àárín ló máa ń gbà. Rà, ra ẹran. Kà, ka ìwé. Tà, ta iṣu. Ẹ wá fi arọ́pò-orúkọ sí i kí ẹ rí bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń padà sílé: rà á, kà á, tà á. Iná yẹn ńkọ́? “Ta ló tàn án?” Ẹ̀yin náà kò jẹ́ sọ “ta ló tan án” láéláé. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ìbéèrè yìí kò sì jẹ́ kí n sinmi lọ́dún kankan níbẹ̀.

Ìyá kan láti Abẹ́òkúta ní tàn náà la fi ń tan ènìyàn jẹ, pé ẹni tó bá gbọ́ àtànjù lè rò pé ẹ̀tàn ni a ń wí. Ẹ ṣeun, mà. Èyí gan-an ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Ẹ rántí àfòpiná tó lóun fẹ́ pa fìtílà, tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń pa. Ní etíkun Florida, òru ni àwọn ọmọ ìjàpá òkun máa ń jáde láti inú ẹyin wọn nínú ìyẹ̀pẹ̀. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń kọrí sí, nítorí pé ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ ju igbó lọ láyé àtijọ́. Nísinsìnyí, iná òtẹ́ẹ̀lì àti ti títì ló ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn a sì kú sí ọ̀nà. Bí iná ṣe ń tàn, bẹ́ẹ̀ ló ń tàn wọ́n jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé àtànjù yóò dàrú mọ́ ààtàn, fáwẹ̀lì méjì ló wà níwájú tiyín, ẹyọ kan ló wà níwájú tèmi, èmi kò sì rí jù kankan lẹ́yìn ààtàn.

Ẹ̀gbọ́n kan tún mú “ìbòrujẹ́” wá, pé òru ni a bà jẹ́. Èrò yẹn dára, ó kàn wu ewu ni. Òru àti ooru: ohùn ìsàlẹ̀ kan àti fáwẹ̀lì kan péré ló yà wọ́n. Àwọn tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù yóò kà á sí ohun tó ba ooru jẹ́, ní Phoenix ní tòótọ́, ooru ni kò sì ṣeé bà jẹ́! Ní 2023, ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n léra wọn ni afẹ́fẹ́ fi gbóná tó 43 lórí ìwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú yẹn. Ọ̀pọ̀ òru ni kò sì tutù ju 32 lọ. Ọ̀dà títì àti sìmẹ́ńtì ń mu oòrùn lọ́sàn-án, wọ́n ń pọ̀ ọ́ jáde lálẹ́. Ìlú kan náà ló ń tan iná rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn. Ooru ti gba òru lọ́wọ́ wọn, iná sì gba ìyókù.

Nítorí náà, mo yé àbúrò wa yìí dáadáa. Flagstaff wà lórí òkè, ó ga tó 2,100 mítà ju òkun lọ, ènìyàn lè ṣí fèrèsé sùn níbẹ̀ nínú oṣù Keje. Ní 1958 ni wọ́n ti ṣe òfin tó dá àwọn iná ìpolówó ńlá tó ń gbá ojú ọ̀run kiri dúró, torí àwọn awòràwọ̀ tó wà ní Lowell, ilé ìwòràwọ̀ ìlú náà, ibi tí Clyde Tombaugh ti rí Pluto, ayé kékeré tó jìnnà gan-an sí oòrùn, ní 1930. Ní 2001 ni ìlú náà kọ́kọ́ gba oyè àgbáyé fún pípa òru rẹ̀ mọ́.  Ṣùgbọ́n kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ o. Yìnyín ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún, igbó páínì tó yí wọn ká sì ń jóná ní ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá wá rọ̀ sórí ibi tó jó, àgbàrá á wọlé. Ìràwọ̀ nìkan kọ́ ni ènìyàn ń bá gbé.

Ìyá bàbá mi, ní oko wa lẹ́yìn Ìgbòho, a máa jí mi lójú àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń yọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. “Dìde, ó ti yọ.” Wọn kò ní aago. Wọn a sì bá mi jà bí mo bá pè é ní ajá òṣùpá, wọ́n ní bíbá oṣù rìn kò sọ àgùàlà di ajá oṣù. Lẹ́yìn òjò tó kẹ́yìn, kí eruku ọyẹ́ tó dé, nígbà náà ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù, ìràwọ̀ á tò láti igun kan dé ìkejì bí ẹfun tí a dà sílẹ̀. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ènìyàn ayé tí kò lè rí ẹfun yẹn mọ́ láti ilé wọn. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ka èsì àwọn ará ìlú láti 2011 dé 2022 sọ pé ojú ọ̀run ń ràn sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ọmọ tí a bí síbi tí a ti ń rí ìràwọ̀ 250, nígbà tó bá pé ọdún 18, bóyá 100 ló máa kù fún un.

Ẹni tó kọ̀wé pé, “Àwọn ará ilé ò tíì rí iná tó, ẹ ń wá orúkọ fún àpọ̀jù rẹ̀,” ọ̀rọ̀ yín dùn mí, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná sólà ti dé ọ̀pọ̀ abúlé báyìí, funfun báláú, tó ń tan ojú ọ̀run bí ó ti ń tan títì. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, títì á mọ́lẹ̀ sí i, owó kankan kò sì ní sọnù. Báwo ni a ó ṣe sọ èyí fún káńsẹ́lọ̀ ní èdè tó gbọ́, bí a kò bá ní ọ̀rọ̀ kan tí a ó fi bẹ̀rẹ̀?

Ti orúkọ kìíní tí àbúrò bèèrè, n kò fara mọ́ ojú ọjọ́ lásán. Ojú ọjọ́ ni ti òní, ó lè dú, ó lè là kó tó di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó ń padà wá lọ́dọọdún, ìgbà ni àwọn bàbá wa ń pè é. Kí ó kọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ pé “bí ìgbà ṣe rí níbẹ̀”, yóò yé wọn.

Alàgbà Ìlọrin, mo ṣì ń retí àpẹẹrẹ ẹyọ kan lọ́wọ́ yín: ọ̀rọ̀-orúkọ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú à-, tó parí pẹ̀lú -jù, tí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ di ohùn àárín. Ẹyọ kan péré, sà.