"Ewu" nìkan kò tó: lórí awakọ̀ hẹlikọ́pítà àti ìjì àrá

Okun o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ìdíyelé ewu" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "risk assessment", ìyẹn ohun tí awakọ̀ hẹlikọ́pítà ń ṣe nígbà tó bá rí ìjì àrá níwájú, tó ń rò ó bóyá kí òun máa lọ tàbí kí òun yà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Iṣu ọjà Kàbà là ń díyelé. Bí owó ò bá wọ̀, a lè padà wá lọ́jọ́ ọjà mìíràn. Ìjì kì í dúró deni.

"Ewu" gan-an ló ń kọ mí lóminú. Àrá tó ń sán, ewu ni, ẹnikẹ́ni ìbáà fò, ìbáà má fò. Ohun tí awakọ̀ ń rò ni ohun tó lè bá òun bí òun bá sún mọ́ ọn. A sì ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe fún ìyẹn tipẹ́: a ní ẹnì kan fi ẹ̀mí wewu. Ẹ jẹ́ ká fa "ìwewu" yọ níbẹ̀.

"Ìfojúdíwọ̀n" ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn láti fi ṣáájú rẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀, torí ojú gan-an ló ń tan awakọ̀ jẹ. Ìmọ̀ràn FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ni pé kí awakọ̀ má gba abẹ́ ìjì àrá kọjá, bó tilẹ̀ ń rí òdìkejì, kó sì jìnnà sí èyí tó bá le, ó kéré tán, ní máìlì 20. Atẹ́gùn tó ń já bọ́ látinú ìjì kò ṣeé fojú rí, ó sì máa ń sáré ṣáájú òjò.

Ìyá mi mọ atẹ́gùn yẹn dáadáa ní Ìsánlú. Èlùbọ́ wà lórí àpáta, oòrùn ṣì ń ràn, òtútù kan á kàn fẹ́ sí i lọ́rùn. Kíá, ó ti ṣírò bí ilé ṣe jìnnà tó, iye agbọ̀n tó wà nílẹ̀, iye ọmọ tó lè rù ú. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ń ṣírò epo, òkè tó wà níwájú, ọ̀nà àtipadà, àti pápá tó lè balẹ̀ sí títí ìjì á fi kọjá, torí hẹlikọ́pítà kò nílò ojú ọ̀nà gígùn kó tó balẹ̀.

"Ìṣirò ìwewu" ni tèmi. Ẹni tó bá ní ilé ìwé ló ni ìṣirò, kó wo àwọn ìyá tó ń ṣírò owó èésú láìmú gègé. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?