Àlọ̀ ni, kì í ṣe ìpamọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ka àbá yín pé kí a máa pe pásíwọ́ọ̀dù ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́, kí ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó o sí sì máa jẹ́ àpótí ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Mo gba ìdajì àkọ́kọ́ wọlé: àwa tá a ní in la pa á mọ́. Ìdajì kejì ni kò lọ lọ́fun mi, torí kọ̀ǹpútà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ rárá.

Ní Unix àti Linux, ìyẹn àwọn ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ /etc/passwd. Ìlà kan ni ti òǹlò kan, ààyè méje ló sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: orúkọ tó fi ń wọlé, ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, nọ́ńbà ẹgbẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an, yàrá tí wọ́n fún un, àti ètò tí yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn tó bá wọlé. Nọ́ńbà 0 ni ti root, ìyẹn baálé ilé. Gbogbo ará ilé ló lè ka fáìlì yìí. Ẹ wá wo ààyè kejì lórí ẹ̀rọ òde òní: "x" kan ṣoṣo lẹ máa bá níbẹ̀! Wọ́n ti kó ohun tó wà níbẹ̀ lọ sí /etc/shadow, níbi tí ojú gbogbo ayé kò tó. Fáìlì tó ń jẹ́ passwd kò ní pásíwọ́ọ̀dù nínú mọ́. Ó jọ Ìga Ìdúngànrán tiwa ní Ìsàlẹ̀ Èkó: oko ata ni wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ń sọ, àmọ́ ta ló ń já ata láàfin Ọba lónìí?

Nínú shadow náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yín kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ yàn án, ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì kọ ohun tó jáde sílẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé, á tún lọ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, á fi wé ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá bára mu, ilẹ̀kùn ṣí.

Àbúrò wa kan ní ká pe ohun tó jáde yìí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní hash, ní "ọ̀rọ̀ dídì". Rárá o. Ohun tí a bá dì ṣeé tú, èyí kò ṣeé tú. Ẹ gbé tàtàṣé àti àlùbọ́sà lọ bá oníẹ̀rọ l'Ọ́yìngbò, kó lọ̀ ọ́ tán, kí ẹ wá ní kó yọ àlùbọ́sà yín padà fún yín lódindi. Àlọ̀ ni mo ní ká máa pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ gba iyọ̀. Bí èmi àti aládùúgbò mi bá yan ọ̀rọ̀ kan náà, àlọ̀ wa á jọra, olè tó rí fáìlì á sì fi ọ̀kan mú méjèèjì. Ní 1979, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Robert Morris àti Ken Thompson, ṣàlàyé bí Unix ṣe ń bu nǹkan díẹ̀, tí ti ẹnì kan kì í sábà jọ ti ẹlòmíràn, mọ́ ọ̀rọ̀ òǹlò kó tó lọ̀ ọ́. Nígbà náà, oríṣi 4,096 ni nǹkan náà lè jẹ́. Ìgbà 25 ni wọ́n sì ń lọ̀ ọ́, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa méfò. (Àwọn ìyá wa tó ń ní "lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì" kò tíì ṣe nǹkan kan.) Iyọ̀ ni àwọn òyìnbó pe nǹkan tí wọ́n bù sí i yẹn. Èmi tí mo máa ń ta ko títúmọ̀ ní tààrà, mo túúbá níbí. Iyọ̀ náà ni.

Ẹ̀yin kan á ní bí a bá kọ àlọ̀ láìsí àmì, àlọ́ ìjàpá ni wọn á kà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àmì gan-an ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo fi fóònù yan ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kan tó ní "ọ̀" nínú. Nígbà tí mo dé ìdí kọ̀ǹpútà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, kò gbà mí wọlé. Mo ti ń fura sí ọmọ tó jókòó tì mí kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: fóònù mi kọ "ọ" kó tó fi àmì lé e lórí, kọ̀ǹpútà kọ "ò" kó tó fi kókó sí i nísàlẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Nínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà wọn yàtọ̀, àlọ̀ wọn sì yàtọ̀. Ẹni tó kọ ètò yẹn ni kò sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó dà wọ́n sẹ́nu ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ náà "àkáǹtì" ní tirẹ̀, ẹ má wulẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjà ló ti gbà á. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju àlọ̀ lọ, kó gbé e wá. Dídì nìkan ni mi ò ní gbà.